Ẹ̀yìn Lẹ́tà Bàrúwà

Ẹni tó bá fẹ́ rí òmùgọ̀ tó mọ̀wé dáadáa, kí ó wọkọ̀ wá sí Ìlaro, kí ó béèrè ilé Tíṣà Nathaniel. Wọn yóò mú un wá sọ́dọ̀ mi. Bí ẹni tó ń mú un bọ̀ bá jẹ́ ọmọ àdúgbò wa, ibi tí pálọ̀ mi wà tẹ́lẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi hàn án.

Mo ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Púpọ̀ nínú àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ti kú, èyí sì mú kí ìjẹ́wọ́ rọrùn díẹ̀.

Ọdún 1984 ni. Àwọn ológun ń pààrọ̀ àwọ̀ owó, wọ́n sì ti gbogbo bọ́dà pa kí owó àtijọ́ má baà gba ẹ̀yìn wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ìbàdàn lè rò pé ìròyìn rédíò lásán nìyẹn. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, bí ìgbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná mọ́ wa ni.

Bàrúwà, aládùúgbò mi, ni wọ́n ti ilẹ̀kùn náà mọ́ síta. Fàyàwọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ máa ń pè é ní òwò. Ó ń gbé epo bẹntiróòlù kọjá sí Pobẹ̀ ní òdìkejì bọ́dà, ó ń kó aṣọ bọ̀. Ó kọjá lọ́jọ́ kan, wọ́n ti bọ́dà lọ́jọ́ kejì. Àwọn mìíràn ń gba ọ̀nà igbó wọlé, ṣùgbọ́n orúkọ Bàrúwà wà nínú ìwé àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù. Ó rò ó, ó rí i pé ó sàn kí òun jókòó sí Pobẹ̀ ju kí òun jókòó sí ẹ̀wọ̀n.

Ó fi Mọ́nsúrátù ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú Toheebat ọmọ wọn obìnrin, àti ilé kan.

Ilé yẹn! Yàrá mẹ́rin, pálọ̀ ńlá, fàráńdà tó kọjú sí títì. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ. Ọdún méje ni mo fi ń wò ó láti ojú fèrèsé yàrá kan àti pálọ̀ tí mo háyà.

Jemima ìyàwó mi máa ń sọ pé, "Bàbá Dayọ̀, ojú tí ẹ fi ń wo ilé yẹn, bí ó bá ṣe pé obìnrin ni, ǹ bá ti bá a jà."

Mo ti sọ fún Mọ́nsúrátù lẹ́ẹ̀mejì pé bí ọ̀ràn bá le, èmi lè ra ilé náà. Ó ní òun yóò gbọ́ ti ẹnu ọkọ òun ná.

Èmi sì ni mò ń ka lẹ́tà fún àdúgbò wa. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà l'Ékòó, ẹni tí kóòtù kọ̀wé sí, ẹni tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ ìyàwó tuntun tí kò lè sọ ọ́ lójú rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo wọn ń gbé e wá. N kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ọsàn ni wọ́n máa ń mú wá, tàbí iṣu, pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ohun tí ẹnu Tíṣà bá sọ ni ìwé sọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ, Mọ́nsúrátù wọlé. Ó pọn Toheebat, ó mú lẹ́tà kan lọ́wọ́. Obìnrin aláta kan ló fi í sínú apẹ̀rẹ̀ ata rẹ̀, tó gbé e gba inú igbó wọlé. Ìwé náà ta mí lójú kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ó yẹ kí n ti gba ìyẹn bí ìkìlọ̀.

"Tíṣà, ẹ gbà mí. Lẹ́tà Bàbá Toheebat nìyí. Ẹ bá mi wo ohun tó wí nípa ilé. Kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ mi mọ́, mo fẹ́ mọ̀ bóyá kí n gbà fún yín tàbí kí n má gbà."

Mo wọ awò ojú mi. Akọ̀wé kan ní Pobẹ̀ ló bá a kọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì já gaara. Lẹ́yìn tí ó kí gbogbo ilé tán, ohun tó wà lójú ìwé náà nìyí:

"Mọ́nsúrátù, má ta ilé o. Bí ìyà bá fẹ́ jẹ yín pa, ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ, ta kẹ̀kẹ́ mi. Ilé ni kí o má tà fún ẹnikẹ́ni, títí n óò fi dé."

Nísàlẹ̀ pátápátá, ní igun ìwé, akọ̀wé náà kọ ọ́ pé: "Ẹ yí i sẹ́yìn."

N kò yí i sẹ́yìn.

Ogún ọdún ni mo ti fi dúró níwájú àwọn ọmọ iléèwé lọ́jọ́ ìdánwò, tí mò ń pariwo pé, "Ẹ wo ẹ̀yìn ìwé yín! Ìbéèrè ṣì wà lẹ́yìn!" Mo ti na ọmọ ọlọ́mọ nítorí ẹ̀yìn ìwé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ibi tí ó ti ní "má ta ilé" ni ojú mi há sí. Mo rí fàráńdà mi tó ń rìn lọ.

"Kí ló wí?" Mọ́nsúrátù bi mí.

"Ó kí ọ. Ó kí ọmọ."

"Ó ṣeun. Ilé ńkọ́?"

Mo wú ikọ́ kékeré kan. Mo gbé ìwé náà sókè díẹ̀, bí a ti ń ṣe bí a bá fẹ́ kà á dáadáa. Mo ní: "Ó ní, 'Nípa ti ilé, bí ẹni rere kan bá fẹ́ rà á, tà á fún un, kí ìyà má baà jẹ ọ́.'"

Ẹni rere. Èmi ni mo fi ìyẹn kún un. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí.

Mọ́nsúrátù ní, "Ẹ bá mi tún un kà, Tíṣà."

Mo tún un kà. "'Bí olóòótọ́ kan bá fẹ́ rà á...'"

"Ẹni rere lẹ kọ́kọ́ pè. Ó tún ti di olóòótọ́?"

"Ìkan náà ni wọ́n nínú ìwé."

"Hẹn-ẹn." Ó tẹjú mọ́ lẹ́tà náà bí ẹni tó ń wo ojú àlejò tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. "Ṣé bó ṣe wí nìyẹn, Tíṣà?"

"Bó ṣe wí nìyẹn."

Ó kúnlẹ̀ tòun tọmọ lẹ́yìn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n fún òun ní lẹ́tà òun, kí òun máa fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Mo ní kí ó fi í sílẹ̀ sọ́dọ̀ mi, nítorí ẹ̀rí ni pé ọkọ rẹ̀ fọwọ́ sí i. Ó ní, "Òótọ́ ni, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n." Mo fi í sínú àpótí tí mò ń kó ìwé ẹ̀rí mi sí.

Ẹ óò bi mí pé kí ló dé tí n kò fi jó o. Tíṣà kì í jó ìwé. Ó lè purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò ní jó o.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, ilé ti di tèmi, ní iye tí ojú yóò fi tì mí bí mo bá kọ ọ́ síbí. Mọ́nsúrátù padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní Ajílété, níbi tí wọ́n ti fún òun àti ọmọ rẹ̀ ní yàrá kan. Ẹ̀rọ ìránṣọ tí ọkọ rẹ̀ ní kí ó tà ló gbé lérí lọ. Nínú gbogbo àwọn tó dúró tí wọ́n ń dágbére fún un, èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ẹ̀rọ yẹn ló yẹ kí ó ti lọ, kí òun sì jókòó.

"Tíṣà," ó ní, "Bàbá Toheebat máa ń wí pé bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, ọ̀dọ̀ yín ni kí n sá wá. Ọlọ́run kò ní gbàgbé yín."

Mo ní, "Àmín." Ọlọ́run kò sì gbàgbé.

Jemima ní àbúrò ọkùnrin kan, Ọlájídé, tó jẹ́ bíríkìlà. Òun ni mo pè kí ó wá bá mi tún ilé náà ṣe. Nígbà tí ó dé, kò wo ògiri, kò wo òrùlé. Àárín pálọ̀ ló lọ dúró sí, ó fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ yìí ń dún."

"Ilẹ̀ wo ni kì í dún?"

"Ilẹ̀ tó kún kì í dún bí agbè. Ẹ jẹ́ kí n gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ibí yìí, ká wo ìpìlẹ̀ rẹ̀ kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ọjọ́ méjì péré ni."

Ọjọ́ méjì! N kò ní ọjọ́ méjì. Mo ti rò ó pé bí Bàrúwà bá dé bá ilé bí ó ti fi í sílẹ̀, ilé rẹ̀ ni yóò máa pè é. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé bá ọ̀dà tuntun, ilẹ̀ pupa tó ń dán, àti orúkọ mi lára ilẹ̀kùn, ta ni yóò bá jà? Kí n sáà ti kun ún kí ó tó dé.

"Ọ̀dà ni kí o bá mi kun," mo sọ fún un. "Ìpìlẹ̀ kì í ṣe ohun tí àlejò ń rí."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Ó dáa, Ẹ̀gbọ́n."

A kun ún ní àwọ̀ ewé. A kan àjà tuntun sókè. A fi sìmẹ́ǹtì pupa dán ilẹ̀ pálọ̀ títí àwọn adìyẹ fi ń bá òjìji ara wọn jà nínú rẹ̀. A kó wọlé. Jemima ń kọrin láàárọ̀, láti ìgbà tí a ti fẹ́ra wa n kò tíì gbọ́ kí ó kọrin bẹ́ẹ̀ rí.

Òjò ọdún kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa sọ òótọ́ ọ̀rọ̀.

Ògiri kọ́kọ́ là ní igun fèrèsé. Mo fi kàlẹ́ńdà ìjọ wa bò ó. Ó tún là ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, mo wá kàlẹ́ńdà mìíràn. Nígbà tí òjò yóò fi dá, kàlẹ́ńdà márùn-ún ló wà ní pálọ̀ mi. Àlejò kan béèrè bóyá mò ń tà wọ́n.

"Bàbá Dayọ̀," Jemima ní, "ilẹ̀kùn yàrá wa kò tì mọ́."

"Ọ̀rinrin ni."

"Ọ̀rinrin ló la ògiri tí ọwọ́ mi fi ń wọ inú rẹ̀?"

"Ilé tuntun máa ń mí."

"Bí eléyìí bá ń mí, a jẹ́ pé ó ní ikọ́."

Ọlájídé kò wọlé wa mọ́. Fàráńdà ló ti ń kí wa. Ó ní òun kò fẹ́ fi bàtà ba ilẹ̀ dídán jẹ́.

Nígbà kan, Jemima ń wá ìwé ìbí Dayọ̀ nínú àpótí mi, ó sì fa ìwé kan yọ tó ń rùn bí ata. Ó bi mí pé kí ni. Mo ní lẹ́tà ẹlòmíràn ni. Ó dá a padà láì ṣí i. Àwọn míṣọ́nnárì ló kọ́ ìyàwó mi pé a kì í ka lẹ́tà onílẹ́tà. Àwọn náà ló kọ́ èmi.

Ní oṣù kẹta ọdún 1986, rédíò kéde pé wọ́n ti ṣí bọ́dà. Inú gbogbo Ìlaro dùn. Èmi gbéra lọ́jọ́ náà gan-an, mo lọ bá Àlùfáà Akínbọ̀wálé, mo ní mo fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ìṣílé.

"Ṣé kì í ṣe pé ẹ ti ń gbé ibẹ̀ láti ọdún méjì?" Àlùfáà bi mí.

"Ìmoore ò lè pẹ́ jù, Àlùfáà," mo dá a lóhùn.

Ohun tí mo fẹ́ ni kí gbogbo ìjọ wá jẹ́rìí pé ilé mi ni, kí ẹlòmíràn tó dé láti wá jẹ́ ẹ̀rí tirẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, èèyàn bí ogójì kún pálọ̀ mi, láìka kọ́bọ́ọ̀dù ńlá tuntun tí káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá, tí abọ́ tánganran kún inú rẹ̀. A dìde láti kọrin. Ilẹ̀ náà bá wa kọ ọ́ díẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Mo tún gbóhùn sókè kí àwọn ẹlòmíràn má baà gbọ́ ọ.

Ìgbà náà ni ọkùnrin kan yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó dé fìlà pẹlẹbẹ bí àwọn ará Pobẹ̀, ó fi búrẹ́dì gígùn kan há abíyá bí ọ̀pá. Bàrúwà ni. Ó gba Ajílété kọjá, ó bá ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ níbẹ̀; bí ó ti gbọ́ pé èmi ni mò ń gbé ilé náà, kò dúró gbọ́ ìyókù, wọ́n jọ gbéra wá. Mọ́nsúrátù dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó di Toheebat lọ́wọ́ mú.

Ó wo gbogbo wa. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ẹ jáde!" ó pariwo. "Ẹ kúrò lórí pálọ̀ yẹn, gbogbo yín! Díẹ̀díẹ̀! Ẹ má sáré o!"

Bí àwọn èèyàn ìjọ ti gbọ́ "ẹ má sáré," wọ́n sáré. Àlùfáà ló ṣíwájú.

Èmi nìkan ni mo dúró. "Káàbọ̀, Bàrúwà. Àwa là ń sin Ọlọ́run lọ́wọ́ yìí. Mo ní ìwé ilé yìí o."

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún kúrò níbẹ̀."

"N kò ní sún. Ibi tí mo dúró sí yìí, mo rà á." Mo sì fẹsẹ̀ janlẹ̀ kí ó lè yé e.

Ó yé ilẹ̀.

Ìró rẹ̀ kò pọ̀ tó bí ẹ ti rò. Ó dún bí ìgbà tí ẹni tó sanra bá jókòó sórí àpótí tí kò dáa. Ohun tí mo tún mọ̀ ni pé mo wà nínú omi títí dé abẹ́ apá, kọ́bọ́ọ̀dù mi dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kàlẹ́ńdà márààrún sì ń já bọ́ lé mi lórí ní ìkọ̀ọ̀kan. Epo bẹntiróòlù ni omi náà ń rùn. Àlùfáà pariwo láti ìta pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣáná.

Àwọn èèyàn padà wá, wọ́n sì ń yọjú láti ẹnu ọ̀nà àti ojú fèrèsé.

"Mo kọ ọ́!" Bàrúwà ń wí, ó káwọ́ lérí. "Kòtò yìí, mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà! Mọ́nsúrátù, àbí o kò fi lẹ́tà hàn án?"

"Òun ló kà á fún mi," Mọ́nsúrátù ní. "Ó ní o ní kí n ta ilé fún ẹni rere."

"Kí o ta kí ni?"

"Nígbà tí ó tún un kà, ó di olóòótọ́."

Gbogbo wọn wá wò mí. Ó ṣòro láti jọ olóòótọ́ nígbà tí omi epo bá mu ọ́ dé abíyá.

Jemima gba ẹ̀yìn wọ yàrá, ó sì jáde pẹ̀lú ìwé tó ń rùn bí ata. Mọ́nsúrátù ló nà án sí.

"Lẹ́tà rẹ nìyí. Ṣé kí n kà á fún ọ?"

"Ẹ kà á, Màmá Dayọ̀. Ẹ kà á bó ṣe wà."

Ó ka ojú rẹ̀. "Má ta ilé o." Ẹnì kan ní "Háà!" Jemima dánu dúró, ó wo nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìyàwó mi ṣe ohun tí n kò ṣe. Ó yí i sẹ́yìn.

"'Nǹkan kan wà tí ìwọ kò mọ̀. N kò sọ ọ́ fún ọ, kí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù má baà fi ìbéèrè dá ọ lóró. Nígbà tí o lọ bí Toheebat ní Ajílété ni mo gbẹ́ kòtò sábẹ́ pálọ̀, ibẹ̀ ni mò ń kó àgbá epo sí. Mo gé lára ìpìlẹ̀ ilé níbẹ̀, pákó ni mo fi tì í. Mo fẹ́ dí i kí òjò tó dé, bọ́dà ni kò jẹ́. Má jẹ́ kí èrò pọ̀ ní pálọ̀. Pe Ọlájídé bíríkìlà kí ó fi òkúta dí i. Tíṣà ni kí o bẹ̀ kí ó bá ọ dúró tì í. Òun náà ni kí o gbé lẹ́tà yìí fún láti kà, nítorí kò ní purọ́ fún ọ.'"

Ó ká lẹ́tà náà. Ó fi í sọ́wọ́ Mọ́nsúrátù. Kò wojú mi.

Bàrúwà sún mọ́ etí kòtò. "Ìwọ Nathaniel," ó ní.

Láti ọjọ́ tí a ti jọ ń ṣe aládùúgbò, kò pè mí ní ìwọ rí. Ìyẹn dùn mí ju ẹ̀gbẹ́ tí mo fi ṣèṣe lọ.

"Ìwọ Nathaniel, n kò gba ilé padà. Nítorí ọ̀tá mi ni mo ṣe gbẹ́ ẹ, ọ̀rẹ́ mi ló kó sí i. Máa gbé inú rẹ̀."

Ó ju búrẹ́dì náà sílẹ̀ fún mi. Ó léfòó.

Mọ́nsúrátù lóṣòó. Ohùn rẹ̀ kò le rárá. "Tíṣà, mo kúnlẹ̀ fún yín lọ́jọ́ yẹn, tèmi tọmọ."

"Mo mọ̀."

"Ẹ bá mi dá ìkúnlẹ̀ mi padà."

Mo kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú omi yẹn, kò sí ẹni tó lè mọ̀ bóyá mo kúnlẹ̀ tàbí mo dúró. Ó wò mí díẹ̀, ó gbé ọmọ rẹ̀, ó lọ.

Ọlájídé ló wá sọ àkàbà sílẹ̀ fún mi. Nígbà tí orí mi yọ sókè, ó fà mí lápá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àlejò ti rí ìpìlẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó gbé lẹ́tà wá bá mi mọ́. Peace, ọmọ kékeré kan tí mo kọ́ ní ábídí fúnra mi, ló wá di akàwé àdúgbò. Ọsàn ń lọ sílé wọn. Mọ́nsúrátù wọ iléèwé àwọn àgbàlagbà ní Ajílété, wọ́n ní kí ọdún tó yí ó ti ń ka ìwé rẹ̀ fúnra rẹ̀, tojú tẹ̀yìn. A wó pálọ̀ àti yàrá méjì tó wà níwájú. Inú yàrá méjì tó kù lẹ́yìn ni a ń gbé títí di òní. Fàráńdà ṣì wà níbẹ̀. Kò so mọ́ nǹkan kan. Jemima kò kọ mí sílẹ̀. Kò sì kọrin láàárọ̀ mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé, kí ó gbẹ́ ẹsẹ̀ ilé náà wò kí ó tó ra ọ̀dà. Ìyẹn ni ẹ̀kọ́ tí ẹ lè mú lò.

Ní tèmi, ojú mi ti ń ṣú láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, n kò rí ìwé kà mọ́. Bí lẹ́tà Dayọ̀ bá ti òkè òkun dé, Jemima ló ń kà á fún mi. Á kà á tán, màá gbọ́ tí ó yí i, á ní, "Kò sí nǹkan lẹ́yìn." Nígbà mìíràn á dánu dúró láàárín, n kò sì mọ ohun tó fò. N kò tíì bi í rí.

Òun náà ló bá mi kọ eléyìí. Mò ń sọ, ó ń kọ. Nígbà tí a parí, mo ní kí ó kà á padà fún mi, ó sì kà á. Ó gùn díẹ̀ ju bí mo ti rò lọ.

"Jemima," mo ní, "ṣé bí mo ṣe wí nìyẹn?"

Mo gbọ́ tí ó ká ìwé náà.

"Bí ẹ ṣe wí nìyẹn, Tíṣà."